Joseph Priestley: Ọmọ ìjọ líle tó di àlùfáà Unitarian, tí wọ́n torí ẹ̀sìn dáná sun ilé rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin fọwọ́ sí ni èèyàn lè gbà sin Ọlọ́run. Ẹni tó bá gba ọ̀nà mìíràn, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Ọ̀kan lára àwọn tí ojú wọn rí màbo ni Joseph Priestley, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì ń kà nípa rẹ̀ lónìí pé ó wà lára àwọn tó ṣàwárí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí sínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àlùfáà ni ọkùnrin yìí, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ló kà sí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, àti pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀, tó fi di èrò Amẹ́ríkà ní ọjọ́ ogbó.

Ilé tí Ọjọ́ Ìsinmi ti le bí òfin ọba

Fieldhead, nítòsí Birstall, ní agbègbè Yorkshire, ni wọ́n ti bí Priestley nínú oṣù kẹta ọdún 1733. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Jonas, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn. Òun ló máa ń tún aṣọ náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hun ún tán. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ náà kò gbàgbé nípa rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ìyá yìí rí i lọ́jọ́ kan tó ń fi pínnì kan ṣeré, ó sì bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ọmọ ní ilé mọ̀lẹ́bí àwọn kan tó wà nítòsí lòun ti mú un. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá ní kó lọ dá a padà. Pínnì kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n irú ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ ọ nìyẹn.

Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní 1742, Sarah Keighley, arábìnrin bàbá rẹ̀, mú un sọ́dọ̀ nítòsí Heckmondwike. Obìnrin yìí kò bímọ, ṣùgbọ́n ó rí jájẹ, ó sì gba Priestley bí ọmọ ara rẹ̀. Ìjọ tí wọ́n ń lọ kì í ṣe Áńgílíkà tí ìjọba ń ṣe àkóso rẹ̀. Ìjọ àwọn tó yapa ni, àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ John Calvin. Bí Ọjọ́ Ìsinmi bá ti dé, eré parí, ẹ̀rín parí, àfi àdúrà, ìwàásù àti katikísìmù láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ẹ̀kọ́ wọn náà kò rọrùn fún ọmọdé. Wọ́n ń kọ́ni pé láti ìgbà tí Ádámù ti ṣẹ̀ ni gbogbo ọmọ tí obìnrin ń bí ti wà lábẹ́ ìbínú Ọlọ́run, àti pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò là kí ó tó dá ayé. Ẹni tó bá wà lára àwọn àyànfẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé òun ti di àtúnbí. Priestley ń retí kí ó mọ̀ ọ́n lára, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á débi pé ọkàn rẹ̀ dàrú. Nínú ìwé John Bunyan tí àwọn àgbàlagbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ọkùnrin kan wà tí wọ́n tì mọ́ inú àgò irin, tí ìrètí ti pin fún un. Ìtàn ọkùnrin yẹn ni ọmọ náà máa ń kà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó rò pé bóyá òun náà ni wọ́n ń bá wí.

Síbẹ̀, ohun kan wà lára àǹtí rẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà. Bó ṣe gba ẹ̀kọ́ Calvin gbọ́ tó yẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo àlùfáà tó bá jẹ́ olóòótọ́, kódà àwọn tí àwọn èèyàn ń pè ní aládàámọ̀. Nídìí oúnjẹ nílé obìnrin yìí ni Priestley ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹni méjì lè ka Bíbélì kan náà kí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ má bára mu, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ èèyàn rere.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó fẹ́ di ọmọ ìjọ ní kíkún kí ó lè máa jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Àwọn àgbà ìjọ pè é, wọ́n bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù, ó sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún wọn pé kò dá òun lójú pé gbogbo ọmọ aráyé ló yẹ fún ìbínú Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Ká ní ó parọ́ ni, wọn ì bá gbà á. Òótọ́ tó sọ ni wọ́n fi tì í sẹ́yìn.

Ó ń wá ọ̀nà, ó ń pàdánù èrò

Ara Priestley kò le nígbà èwe. Wọ́n bẹ̀rù pé ikọ́ ife ló ń bá a jà, ni wọ́n bá mú un kúrò nílé ìwé. Nínú àìsàn yẹn ló ti ń fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Faransé, Ítálì àti Jámánì, tó tún wo inú èdè Lárúbáwá àti Síríà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, àǹtí rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kan nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí òfin ìgbàgbọ́ mẹ́wàá, kí ó sì tún un fọwọ́ sí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Priestley kọ̀ jálẹ̀. Daventry ló lọ ní 1752. Olùkọ́ méjì ló wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti gbe ẹ̀kọ́ àtijọ́, èkejì á gbe ẹ̀kọ́ tuntun, wọn á sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa dá sí ọ̀rọ̀ náà. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà; ibẹ̀ ni Priestley ti bèèrè ohun tó fẹ́ bèèrè láìsí ẹni tó lé e.

Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde sí ìjọ àkọ́kọ́ tó gbà á, ní Needham Market, ní 1755, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Akólòlò ni, èyí kò sì jẹ́ kí ìwàásù rẹ̀ dùn létí. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ọmọ ìjọ fura pé kò gbà pé Jésù àti Bàbá jẹ́ dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ́ lọ. Wọ́n ti ṣèlérí £40 fún un lọ́dún, owó tó ń rí gbà kò sì ju £30 lọ. Owó tí àǹtí rẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ó kéde pé òun fẹ́ dá ilé ìwé sílẹ̀, ẹnì kan kò mú ọmọ wá. Ó ku díẹ̀ kí ebi pa á, ṣùgbọ́n kò tìtorí ẹ̀ yí ohùn padà.

Ìyà yẹn dópin nígbà tó dé Nantwich ní 1758, níbi tó ti dá ilé ìwé tó gbèrú sílẹ̀. Ní 1761 ó di olùkọ́ ní Warrington, ó sì gbé Mary Wilkinson níyàwó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1767, ó di àlùfáà ní ilé ìsìn Mill Hill ní Leeds. Ní Leeds ló ti wá dá a lójú pátápátá pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, òun sì ni Bàbá. Pé èèyàn ni Jésù, tí Ọlọ́run rán níṣẹ́. Àti pé Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan kò sí nínú ìsìn àwọn Kristẹni àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní Unitarian nìyẹn. Orúkọ náà kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Adeniran Adedeji Isola dá ìjọ Unitarian sílẹ̀ nílùú Èkó, wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Priestley di aláìgbàgbọ́. Ó gbà pé Jésù ṣe iṣẹ́ ìyanu, ó gbà pé ó jíǹde, ó sì ń retí bíbọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí wọ́n fi tọ́ ọ ló jù sílẹ̀, kò ju Ọlọ́run sílẹ̀.

Ìsìn nínú ilé gbàǹjo

Ọ̀rẹ́ kan wà tí Priestley ní ní Yorkshire, Theophilus Lindsey ni orúkọ rẹ̀. Fíkà ìjọ Áńgílíkà ni ní Catterick. Ọ̀ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ ni Lindsey ń darí àdúrà sí Mẹ́talọ́kan, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1772, òun àti àwọn àlùfáà kan bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n má fi dandan mú àlùfáà fọwọ́ sí gbogbo òfin ìgbàgbọ́ ìjọ. Aṣòfin 71 péré ló gbè wọ́n, 217 sì kọ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1773, Lindsey kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ilé àlùfáà lọ, owó oṣù lọ. Òun àti Hannah, ìyàwó rẹ̀, ta nínú ohun ìní wọn, wọ́n sì forí lé Lọ́ńdọ̀nù láìmọ bí ọ̀la yóò ṣe rí.

Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ ti bá a háyà yàrá ńlá kan ní òpópónà Essex, níbi tí wọ́n ti máa ń lu ìwé ní gbàǹjo. Ewu ń bẹ níbẹ̀ o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1698 sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ni pé kò sí Mẹ́talọ́kan kò ní lè di ipò ìjọba mú, bí wọ́n bá sì mú un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni. Àwọn aláṣẹ lọ́ra kí wọ́n tó kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìsìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1774, nǹkan bí 200 èèyàn ló wọ inú yàrá náà. Priestley wà láàárín wọn. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú ìmọ̀ iná mànàmáná, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wá kò ní rí ohun tó ń wá ojú rẹ̀: ilé ìtajà ni, kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ fún ìsìn. Lindsey kò wọ ẹ̀wù funfun tí àwọn àlùfáà Áńgílíkà ń wọ̀. Ìwé àdúrà tó lò jọ èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà sí Mẹ́talọ́kan kúrò. Bàbá nìkan ni wọ́n ń ké pè. Kò fi ìwàásù bá ìjọ tó fi sílẹ̀ jà.

Fún Priestley, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìjọ tó tọ́ ọ dàgbà ti kọ oúnjẹ alẹ́ Olúwa fún un nítorí ìbéèrè kan. Àwọn ará Needham ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àga òfìfo. Wàyí o, ó jókòó láàárín ìjọ tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run kan ṣoṣo dá sílẹ̀ ní gbangba, ní àárín olú ìlú, lójú òfin tó lè sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Òun àti Lindsey kò yẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Nígbà tó di 1778, ilé ìsìn tiwọn ti dúró lójú ibẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1774 yẹn kan náà ni Priestley fi gíláàsì tó ń kó oòrùn jọ yan ìyẹ̀fun pupa kan tó ní mákúrì nínú. Afẹ́fẹ́ kan jáde, àbẹ́là sì ń jó nínú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi èkúté sínú rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èkúté náà pẹ́ láyé ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́síjìn nìyẹn. Scheele, ará Sweden, ti rí i ṣáájú, ṣùgbọ́n Priestley ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tó ń gbé nítòsí ilé ìpọntí kan ní Leeds, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ sínú omi kó máa hó. Ẹni tó bá ń mu ẹlẹ́rìndòdò lónìí, kó rántí rẹ̀.

Àṣìṣe rẹ̀ náà wà. Ọkùnrin tó lè fi ẹ̀kọ́ àtijọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀sìn yìí kò lè fi èrò àtijọ́ nípa iná sílẹ̀. Nígbà tí Lavoisier, ará Faransé, ṣàlàyé ohun tí ọ́síjìn jẹ́ gan-an, Priestley kò gbà títí ó fi kú. Kálámù rẹ̀ náà mú jù. Ní 1785, ó fi ìwé rẹ̀ tí ń já ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àtijọ́ wé ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n ń tò sábẹ́ ilé. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jábọ́. Wọ́n ní ó fẹ́ fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba ni.

Iná Birmingham

Láti ìparí 1780 ló ti jẹ́ àlùfáà ní Birmingham. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1791, àwọn kan ṣe àsè láti ṣe ìrántí ìyípadà ìjọba nílẹ̀ Faransé. Priestley kò lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó di alẹ́, àwọn jàǹdùkú tú jáde, wọ́n ń pariwo ìjọ àti ọba. Wọ́n dáná sun ilé ìsìn tó ti ń wàásù, wọ́n ba èkejì jẹ́, wọ́n wá kọjú sí ilé rẹ̀ ní Fair Hill.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ta ayò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá ké sí wọn pé kí wọ́n sá. Ìwọ̀nba aṣọ ọrùn ni wọ́n fi jáde. Òṣùpá mọ́lẹ̀ rokoṣo lóru yẹn, atẹ́gùn kò fẹ́, wọ́n sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn náà, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ohun tí wọ́n fi ń fọ́ ilẹ̀kùn àti ògiri. Ìwé tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó ń kọ lọ́wọ́, àwọn ohun èlò tó fi ń ṣèwádìí, gbogbo rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wàhálà náà gbà. Ilé àwọn olùyapa mìíràn náà jó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Priestley kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìlú náà, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣépè fún wọn.

Ó wá sí Hackney, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọ kan ti gbà á ní àlùfáà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ ń bẹ̀rù láti bá wọn gbé, àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ sì ń yẹra fún un. Ilé kì í jẹ́ ilé mọ́ bí ẹ̀rù bá ń ba onílé.

Ó di Amẹ́ríkà

Nínú oṣù kẹrin ọdún 1794, òun àti Mary wọ ọkọ̀ ojú omi. Oṣù kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí New York. Wọ́n fi iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Pennsylvania lọ̀ ọ́, kò gbà á. Northumberland, ìlú kékeré kan létí odò Susquehanna, ló lọ, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń múra láti tẹ ìlú fún àwọn tí wọ́n lé nílé. Ìlú náà kò dìde. Ní oṣù kejìlá ọdún 1795, Harry, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, kú. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1796, Mary náà tẹ̀ lé e. Priestley kò tíì kọ́ ilé tó ń kọ́ fún un tán.

Ṣùgbọ́n nínú ọdún ìbànújẹ́ yẹn kan náà, ó lọ wàásù ní Philadelphia. John Adams, tí yóò di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wà lára àwọn tó wá gbọ́ ọ. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1796, àwọn èèyàn kéréje, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá ìjọ Unitarian sílẹ̀ ní ìlú náà. Wọn kò ní àlùfáà tó ń gbowó oṣù. Àwọn fúnra wọn ló ń ka ìwé ìsìn, tí wọ́n ń gbàdúrà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Northumberland, nínú ilé ni Priestley ti ń ṣe ìsìn fún ìwọ̀nba tó bá wá. Thomas Jefferson, tó di ààrẹ ní 1801, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni ọkàn bàbá àgbàlagbà náà sì tó balẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn òun lóru.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá síbi ibùsùn fún àdúrà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1804, ó ní kí wọ́n gbé ìwé kan tó ń kọ wá, ó sì sọ ibi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Nígbà tí wọ́n tún un kà fún un, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ọwọ́ bojú, ó sì dákẹ́. Ó rọra lọ débi pé àwọn tó jókòó tì í kò tètè mọ̀. Ẹni ọdún 70 ni.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1813, ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú òfin ọdún 1698 kúrò lórí àwọn Unitarian. Timothy, àbúrò Priestley tó máa ń bá a ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, kò kúrò nínú ìjọ líle tí wọ́n bí wọn sí. Àlùfáà ni òun náà jẹ́ níbẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ọ̀nà wọn sì yàtọ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ tó ta kókó nípa ẹ̀sìn lónìí lè rántí àwọn àgbà ìjọ Heckmondwike tó ti ọmọ sẹ́yìn nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀, kó sì rántí àǹtí tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.